Ẹsẹ̀ Mi Ń Dúró De Ìpinnu Mi

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ àìsàn yìí fún, tó o wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù tí o ò mọ ẹni tí wàá kọ́kọ́ pè, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn rí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, nítorí náà èmi ń sọ, ìyàwó mi ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó sì ń dá sí i níbi tí ọ̀rọ̀ mi kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Má dá a lóhùn. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá, mi ò sì lè pa á mọ́ra.

Làtífù ni orúkọ mi, télọ̀ ni mí. Lagos Town ní Accra ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn tí bàbá mi ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò níbí. Àwọn ará Ghana ń pè wá ní Aláta, a sì ń jẹ́ ẹ. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Lapaz, níbi tí ariwo ọkọ̀ kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara rẹ̀, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gé aṣọ níbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ fún wa pé, "Orí ló ń gé aṣọ. Iṣẹ́ tí orí bá rán sísọ́ọ̀sì ló ń jẹ́. Ẹ fa ìlà yín kẹ́ ẹ tó gbé e." A máa ń fi ọ̀gá náà ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ yẹn ló padà wá gbé mi dìde.

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ dá àṣà. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé itan láìṣe nǹkan kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí ìka kejì bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Àwọn oníbàárà mi rí i, wọ́n ní, "Ei, Mallam Latif, ẹ kì í sinmi àdúrà!" Kí n má purọ́, mi ò sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ń gbádùn iyì náà. Fún oṣù mélòó kan, àìsàn ni wọ́n ń kà sí ìwà mímọ́ fún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n àwọn èèyàn sí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro kà. Lẹ́tà mi ń kéré sí i títí ó fi dà bí ọ̀nà tí eèrà gbà kọjá. Mo gé ṣòkòtò ọkùnrin kan ní ìwọ̀n ọmọ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi jà. Ojú mi náà le, mi ò rẹ́rìn-ín bí mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Sikínà, ìyàwó mi, fara dà á títí, ó wá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Kúdí, kí ni mo ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi ń fajú ro sí mi?" Mo ní mi ò fajú ro. Ó lọ gbé dígí wá. Mo wo ojú inú dígí, èmi náà fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó má bínú.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ẹsẹ̀. Ní Lapaz, mo fẹ́ wọ trótró lọ sílé. Méètì tó ń gba owó ọkọ̀ di ilẹ̀kùn mú fún mi, ó ń kígbe pé, "Wọlé, Bra, wọlé! Yɛrekɔ!" Àwọn ń lọ nìyẹn lédè Twi. Orí mi sọ pé kí n wọlé. Mo gbọ́ orí mi dáadáa. Ẹsẹ̀ mi kò gbọ́. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà mi mọ́ ilẹ̀. Àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn mi ń tì mí, méètì ń bínú, bí gbogbo wọn sì ṣe ń kánjú tó ni ẹsẹ̀ mi ń lẹ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn ń lọ, wọ́n sì lọ lóòótọ́.

A lọ sí ọsibítù kékeré lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ó rẹ̀ mí ni. A wá lọ sí ọsibítù ńlá. Bí a bá ti kírun Sùbúù tán la ó ti jáde, síbẹ̀ a óò bá èèyàn tó ti kún bẹ́ǹṣì mẹ́fà. Sikínà á lọ ra kókó gbígbóná àti kóòsé, ìyẹn ògì àti àkàrà, a óò mu ún tán, a óò sun oorun díẹ̀, a óò jí, nọ́ńbà wa kò ní tíì sún mọ́. Ìgbà kẹta tá a lọ ni dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ rí mi. Ó ní kí n fi ìka lu ìka. Ó ní kí n dìde, kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí n padà. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró gbagidi. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó kó tó sọ ọ́. Pákínsìn. Ó ní kì í pa èèyàn kíákíá, ṣùgbọ́n kì í lọ. Ó ní oògùn wà tí yóò máa tì mí lẹ́yìn.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ikú ni mò ń bẹ̀rù, ṣọ́ọ̀bù mi ni. Ẹni tí kò lè gé aṣọ, tí kò lè dé ibi tí wọ́n ti ń gé e, kí ló kù tó jẹ́? Oògùn náà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ wa mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi rọ̀, ojú mi tú ká díẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló ṣì ń ṣe orí kunkun lẹ́nu ọ̀nà.

Ibí ni ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Alájì Sàláwù ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Dansoman, òun sì ni bàbá wa fi ẹbí lé lọ́wọ́. Bí Bọ̀dá bá húkọ́, gbogbo wa á dákẹ́. Ó fẹ́ràn mi ju ara rẹ̀ lọ, wàhálà ibẹ̀ sì nìyẹn.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí mọ́sáláṣí wa ní Lagos Town, wọ́n sì fa ìlà funfun sí i lára kí sáfù wa, ìtò tí a fi ń kírun, lè gún. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo lẹ̀ mọ́ ibi tí a ti ń bọ́ bàtà, èèyàn méjì ló dì mí mú wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan kápẹ́ẹ̀tì báyìí, mo rìn! Mo já ọwọ́ wọn sílẹ̀, mo ń gbé ẹsẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan títí mo fi dé sáfù iwájú. Bọ̀dá rí i. Gbogbo mọ́sáláṣí rí i.

Nígbà tí a jáde, Bọ̀dá gbá mi lọ́wọ́ mú, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n ju ọwọ́ mi lọ. Ó ní, "Nílé, kò lè rìn. Lọ́jà, kò lè rìn. Ó dé ilé Ọlọ́hun, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá! Kí ló ń bẹ̀rù mọ́sáláṣí bí kò bá ṣe àlùjànnú?"

Má rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbà á gbọ́. Ta ló rí irú rẹ̀ tí kò ní gbà? Bọ̀dá bá lọ bá Álífà wa, Álífà sì kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára wàláà, ó fọ̀ ọ́ sínú abọ́, ó ní kí n máa mu ún láàárọ̀. Hàntú la ń pe omi yẹn, kò sì ní ohun búburú kankan nínú. Bọ̀dá ló fi tirẹ̀ kún un. Ó ní, "Oògùn òyìnbó àti hàntú kì í gbé inú kan náà. Dá tòyìnbó dúró ná." Mo dá a dúró.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Mo le bíi pákó. Mi ò lè yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè gbé omi mì dáadáa, ibà sì mú mi. Sikínà kò bi ẹnikẹ́ni mọ́, ó pe ọkọ̀, òun àti àwọn aládùúgbò gbé mi lọ sí ọsibítù bí ẹní gbé àga. Dókítà bínú sí wa débi pé ó fi fìlà rẹ̀ lu tábìlì. Ó ní dídá oògùn náà dúró lójijì lè pa èèyàn. Nítorí náà, gbọ́ mi: bí o bá máa mu omi àdúrà, mu ún. Ohun tí dókítà fún ọ, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ, ì báà jẹ́ èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.

Álífà fúnra rẹ̀ wá kí mi. Inú bí i. Ó ní, "Alájì, ta ló gbẹnu mi sọ pé kó dá oògùn dúró? Èmi náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bísímílà ni mo máa ń fi gbé e mì." Bọ̀dá kò lè gbé ojú sókè. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kó tún le sí i. Ó ní kí n má tún jìyà ní Accra mọ́, òun máa gbé mi lọ sí agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n máa jókòó, kí wọ́n máa tọ́jú mi. Ó mú ọjọ́ Sátidé kan. Ó wá ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ẹbí pinnu. Wọn kò bi mí léèrè.

Kí Sátidé yẹn tó pé, mo ní ọjọ́ kan sí i lọ́dọ̀ Sister Naa. Ọmọ Ga ni, òun ló ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe máa lo ara wọn ní ọsibítù náà. Èdè Twi la jọ ń sọ, Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́ fún ọ báyìí.

Ó bi mí pé, "Uncle Latif, ṣé ibì kankan wà tẹ́ ẹ ti ń rìn dáadáa?"

Sikínà ló gbẹnu lé e. "Mọ́sáláṣí nìkan. Ẹ̀gbọ́n wọn ní àlùjànnú wọn ń bẹ̀rù ibẹ̀."

Sister Naa kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló wà nílẹ̀ mọ́sáláṣí?"

"Kápẹ́ẹ̀tì."

"Kí ló wà lára kápẹ́ẹ̀tì?"

"Ìlà."

"Ìlà!" Ó fò dìde. Ó fa pílásítà funfun jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí dé ẹnu ọ̀nà tó máa ń dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ gbàgbé ẹnu ọ̀nà. Ẹ yan ìlà kan. Ẹ pinnu lọ́kàn yín pé ẹ fẹ́ dá a kọjá. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀."

Mo yan ìlà àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ mi gbéra. Mo yan èkejì. Mo gba ẹnu ọ̀nà kọjá, mo bọ́ sí kọ̀rídọ̀, mo kígbe "Allahu Akbar!" débi pé àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rò pé ẹnì kan ti kú.

Nígbà tí mo jókòó, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní a kì í mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ̀ tó ń gbéra tí orí kò tíì pinnu. Bí a bá ti mọ ìrìn rìn, orí á gbé iṣẹ́ náà fún apá kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, pé kó máa bá òun pinnu, kí òun lè ráyè ronú nípa nǹkan mìíràn. Òun ló ń yan èyí tá a máa ṣe nínú gbogbo ohun tá a lè ṣe: lọ, dúró, yà sọ́tùn-ún. Apá yẹn gan-an ni àìsàn mi mú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ lójú rẹ̀, bí ẹnu ọ̀nà, bí èrò, bí ẹni tó ń kánjú, kò ní mọ èwo ni kó yàn mọ́, ara á sì dúró. Ṣùgbọ́n orí fúnra rẹ̀ kò lọ sí ibì kankan. Bí ojú bá rí ìlà tí orí sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn án, àṣẹ náà á gba ọ̀nà mìíràn dé ẹsẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

O ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Mo mọ ohun tó ń sọ. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀gá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ọ̀gá kàn dìde kó fa ìlà fúnra rẹ̀ ni. Orí ló ń gé aṣọ! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi, ojú mi tó ti le tipẹ́.

Sister Naa ní ohun kan kù. Ó ní níbi tí kò bá sí ìlà, kí Sikínà na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú mi, kí n fi í ṣe ìlà kí n dá a kọjá. Sikínà fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga. Ó ní, "Ha, rárá o! A kì í dá ẹsẹ̀ èèyàn kọjá lọ́dọ̀ wa." Òótọ́ ni. Bí o bá ṣèèṣì dá ẹnì kan kọjá, yóò mú ọ pé kó o padà gba ibi tó o gbà, kó o dá òun padà. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ gan-an bí o kò bá ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ dán an wò. Mo ní, "Sister, ẹ fi ẹsẹ̀ ìyàwó mi sílẹ̀. Télọ̀ ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀kì."

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo fa ìlà ní ìbú, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, láti ẹnu yàrá wa gba àárín àgbàlá dé géètì. Àgbàlá àjùmọ̀gbé ni. Maame Esi, aládùúgbò wa tó ń se kẹ́ńkè tí í ṣe ẹ̀kọ Ghana, jáde, ó rí ìlà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Ei, Aláta! Irú juju wo lẹ sà sílẹ̀ yìí?" Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sídìí ìkòkò rẹ̀. Nígbà tó wá rí i tí mò ń rìn lórí rẹ̀, òun ló wá ń lé ewúrẹ́ kúrò kí wọ́n má pa ìlà mi rẹ́.

Ètò mi ni pé lọ́jọ́ Sátidé, kí Bọ̀dá dúró sí géètì, kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá bá a. Bó bá rí mi, kò ní lè gbé mi lọ mọ́. Mo lo oògùn mi, mo dúró kó ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá àti ti awakọ̀ tó fẹ́ gbé wa dé bọ́dà Aflao. Báàgì mi ti wà nínú ọkọ̀. Mo jáde sẹ́nu yàrá.

Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Maame Esi gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ wá kí wa, ó gbàgbé ìlà mi, ó sì fi ọṣẹ àti omi fọ gbogbo àgbàlá láti fi ṣe wá lóore. Kò sí ìlà kankan. Mo gbìyànjú láti fa òmíràn, ilẹ̀ tutù, ṣọ́ọ̀kì kò mú un. Ẹsẹ̀ mi lẹ̀.

Bọ̀dá rìn wá bá mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ṣé o rí i, Lati? Ṣé ìwọ náà rí i? Jẹ́ ká máa lọ." Omi ti wà lójú rẹ̀.

Mo wo ilẹ̀. Bàtà rẹ̀ nìkan ló wà níwájú mi.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ na ẹsẹ̀ yín síwájú mi."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ nà án sílẹ̀ ní ìbú. Mo fẹ́ dá a kọjá."

"Astagafúlúláì!" Sikínà ló kígbe yẹn. Bọ̀dá ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí mo bá dá a kọjá lórí ẹní, ìgbátí ló máa ń fi kí mi kó tó ní kí n dá òun padà. Ó wò mí títí. Ó wá ká jàlàbíà rẹ̀ sókè, ó ní "Bísímílà," ó sì na ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Mo yàn án. Mo pinnu. Ẹsẹ̀ mi gbéra, ó ré ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kọjá, ó balẹ̀ lódì kejì. Bọ̀dá lanu. Ó sáré fa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún nà án síwájú. Mo tún dá a kọjá. Báyìí la ṣe la àgbàlá já, òun ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, èmi ń tẹ̀ lé e, mò ń rẹ́rìn-ín, Maame Esi ń pàtẹ́wọ́, títí a fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Awakọ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi.

Bọ̀dá ń mí hẹlẹ. Ó wo ọkọ̀, ó wo báàgì mi nínú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Lati, ṣé o mọ̀ pé o dá mi kọjá?"

"Mo mọ̀, Bọ̀dá."

"Ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó gbé báàgì mi jáde kúrò nínú ọkọ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀. Ó ní, "O ò lè lọ sí ibì kankan. O ò tíì dá mi padà." Ó di èjìká mi mú, ó yí mi kọjú sí ilé, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún kejì rè é. Àìsàn náà kò lọ, mi ò sì ní purọ́ fún ọ. Àtàǹpàkò mi ṣì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Àárọ̀ nìkan, nígbà tí oògùn bá wà lára mi, ni mo máa ń gé aṣọ, Sikínà ló ń rán an. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń sunkún. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi ṣì ń ṣí ní Lapaz, ìlà funfun sì wà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ìdí tábìlì. Ìwọ náà, lo oògùn rẹ, wá ìlà tìrẹ, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ níbi tó o ti ń ronú lọ́wọ́.

Kápẹ́ẹ̀tì mọ́sáláṣí wa kò dé ibi tí a ti ń bọ́ bàtà. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá máa ń dúró dè mí lọ́jọọjọ́ Jímọ̀. Bí a bá ń wọlé, mo dá a kọjá. Bí a bá ń jáde, mo dá a padà. Ó máa ń bi mí pé, "Lati, níbo là ń lọ?" Kì í na ẹsẹ̀ títí màá fi dá a lóhùn.